Okùn banduria olókùn 14 ń já mọ́ wa lọ́wọ́: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orin rondalla (ẹgbẹ́ ohun èlò olókùn) àwọn ará Fílípínì, ẹ gbà wá

Akọrin_Ìlú_Ọba:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà orin. Ìbéèrè kan ni, àmọ́ ó ní ẹ̀ka mẹ́ta.

Àwọn ará Fílípínì tó wà ní ìjọ Kátólíìkì wa ní ìlú ọba níbí fẹ́ kọ orin ìbílẹ̀ wọn níbi Flores de Mayo, ayẹyẹ Màríà tí wọ́n máa ń ṣe lóṣù Karùn-ún. Wọ́n ní kí àwa ẹgbẹ́ onígìtá bá wọn ta á. Ohun èlò wà nílẹ̀: banduria kan tó ní okùn 14 (ohun èlò kékeré tó jọ gìtá), laud kan (ìbátan rẹ̀ tó ń dún nísàlẹ̀), gìtá méjì. Ẹni tó mọ banduria ta ni kò sí.

Àkọ́kọ́: àtẹ ohùn tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ká yí okùn sí G#, C#, F#, B, E, A, láti èyí tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù. Ká tó yí èyí tó kẹ́yìn dé A, ó ti já. Mẹ́ta ti lọ báyìí. Àwọn tí kò já pàápàá, ohùn wọn kò gbá mọ́ra. Ṣé okùn wa ni kò dáa ni?

Ìkejì: wọ́n ní kundiman ni orin kan, harana ni èkejì, orin ìfẹ́ ni méjèèjì. Lọ́wọ́ wa, waltz ni méjèèjì ń dà.

Ìkẹta: ọmọ Yorùbá kan nínú akọrin wa fẹ́ gba ẹsẹ kan ní èdè Tagalog. Kí ni kó ṣọ́ra fún?

Ẹ ṣeun o.

---

BàbáOlókùn:

Okùn yín kò lẹ́bi. Àtẹ ẹlòmíì lẹ mú. Ti Sípéènì ni G#, C#, F#, B, E, A yẹn, banduria ti Sípéènì sì jẹ́ olókùn 12, méjì-méjì lọ́nà mẹ́fà. Látọ̀dọ̀ àwọn ará Sípéènì ni ohun èlò náà ti dé Fílípínì lóòótọ́ (wọ́n jókòó síbẹ̀ láti 1565 títí di 1898), ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á ti tún un ṣe bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n fi okùn kún un, wọ́n sì yí gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ ní odidi ohùn kan (fírẹ́ẹ̀tì méjì, ìyẹn irin tó dábùú ọrùn ohun èlò). Tiyín ni F#, B, E, A, D, G.

Ẹ má fojú kéré odidi ohùn kan yẹn. Kí okùn kan tó lè ga tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé gígùn rẹ̀ yí padà, ó ní láti le sí i ní nǹkan bí ìdá 26 nínú 100. Ẹ wá fi ìyẹn kún orí okùn mẹ́rìnlá. G tín-ín-rín ló máa kọ́kọ́ já. Tó bá ṣe pé okùn yẹn gbójú, afárá (igi kékeré tí ìdí okùn so mọ́) ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lójú pákó, ìyẹn sì kọjá ohun tí owó okùn lè tún ṣe. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tú gbogbo okùn sílẹ̀ díẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ sì fi etí bébà tín-ín-rín wò ó lẹ́yìn afárá. Bí bébà bá wọlé, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún gìtá ṣe, ẹ má tíì fa okùn kankan.

Bí okùn 14 ṣe pín nìyí, láti ìsàlẹ̀: F# jẹ́ ẹyọ kan, B méjì, E méjì, A mẹ́ta, D mẹ́ta, G mẹ́ta. Gbogbo èyí tó wà lójú kan náà ohùn kan náà ni wọ́n ń dún. Ẹ má ṣe é bíi gìtá olókùn 12 tí ọ̀kan fi ọ́kítéèfù ga ju èkejì lọ.

A ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. A yìí ni 440 (iye ìgbà tí okùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) tí gbogbo túnà orí fóònù mọ̀, àárín ohun èlò ló sì wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ lọ sí D (587), kẹ́ ẹ padà sí E (330), B (247), F# (185). G (784) ni kó kẹ́yìn, nítorí òun ló sún mọ́ jíjá jù. Bí kò bá sí túnà lọ́wọ́, ó rọrùn ju gìtá lọ: fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún lórí okùn kọ̀ọ̀kan ni ohùn okùn tó tẹ̀ lé e, láti F# títí dé G. Kò sí ibi tẹ́ ẹ ti máa yà sí fírẹ́ẹ̀tì kẹrin bíi tàárín G àti B orí gìtá.

Ibi tí wàhálà wà ni okùn mẹ́ta-mẹ́ta. Túnà kì í mọ èwo ló ń gbọ́ nígbà tí mẹ́ta bá dún pọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á kàn máa sá síwá sẹ́yìn. Ẹ gé ègé kékeré lára rọ́bà tí ọmọ ilé ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́, kẹ́ ẹ fi há àárín okùn kejì àti ìkẹta kí wọ́n má lè dún. Ẹ yí okùn kìíní pẹ̀lú túnà. Ẹ sún rọ́bà kúrò lára ìkejì, kí ìkẹta nìkan dákẹ́, kẹ́ ẹ wá pa túnà tì. Etí ló kù. Bí okùn kan bá wà ní 440 tí èkejì wà ní 442, ẹ máa gbọ́ tí ohùn ń wú tó ń fọn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan: wọ́ọ̀, wọ́ọ̀, wọ́ọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́ ọn ni wọ́ọ̀ yẹn á máa falẹ̀, títí tí yóò fi dúró pátápátá. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tú ìkẹta sílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe é bákan náà. Ohun tẹ́ ẹ pè ní "kò gbá mọ́ra" yẹn, wọ́ọ̀-wọ́ọ̀ yìí ni.

Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ti gòkè dé ohùn. Bẹ́ ẹ bá kọjá rẹ̀, ẹ rọ̀ ọ́ wálẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tún gòkè, nítorí okùn tí a rọ̀ wálẹ̀ dúró sí ohùn máa ń yọ̀ sílẹ̀ lára èèkàn (ohun tí a fi ń yí okùn) nígbà tó bá yá. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé nígbà tẹ́ ẹ bá fi dé G, A tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe ti rọ̀. Ọrùn ohun èlò ti tẹ̀ díẹ̀ sí ìfà tuntun ni. Ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Bẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ má tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lẹ́ẹ̀kan náà. Kí okùn yí èèkàn ká ní ìgbà mẹ́ta, kó sì máa lọ sísàlẹ̀. Okùn tuntun á máa rọ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Nítorí náà ẹ má fi okùn tuntun sí i ní àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ.

Ti laud: lẹ́tà kan náà, F# B E A D G, ṣùgbọ́n ọ́kítéèfù kan sísàlẹ̀. A tirẹ̀ jẹ́ 220. Wọn kì í yá ara wọn lókùn o. Okùn laud lórí banduria á nípọn jù, á sì fa afárá tu.

Ohun kan ló kù tó máa dà yín láàmú: bẹ́ ẹ bá rí ìwé banduria Sípéènì tó fi nọ́ńbà fírẹ́ẹ̀tì kọ orin, tẹ́ ẹ wá tẹ nọ́ńbà yẹn lórí tiyín, gbogbo rẹ̀ á fi odidi ohùn kan sọ̀ kalẹ̀. Orin tí wọ́n kọ sí A á bọ́ sí G. Kí onígìtá ta G, kí ìjà má bàa wà. Ìwé tí wọ́n fi nóòtì gidi kọ kò ní ìṣòro yìí.

---

Akọrin_Ìlú_Ọba:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Bébà kò wọlé lẹ́yìn afárá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. A ti yí i sí ti Fílípínì, G sì dúró. Rọ́bà yẹn ṣiṣẹ́.

Ó ku kan: bí a bá ta á wẹ́ẹ́rẹ́, ó dùn. Bí a bá fi píìkì (ike kékeré tí a fi ń ta okùn) gbọ̀n ọ́n láti mú nóòtì gígùn, ariwo píìkì ni à ń gbọ́, ta-ta-ta-ta, ohùn kò wá. Okùn A àti D sì ń dún zìì níbi kan.

---

Píìkì_Nìkan:

Zìì yẹn, ìka ọwọ́ òsì ni. Okùn mẹ́ta fẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ìka tó mọ́ gìtá lára á tẹ méjì, ìkẹta á wà lókè díẹ̀, á máa fara kan fírẹ́ẹ̀tì. Ẹ ta okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fírẹ́ẹ̀tì kan náà láìgbé ìka kúrò, ẹ máa mọ èyí tó ń hùwà. Ẹ gbé ìka sún mọ́ fírẹ́ẹ̀tì gan-an, lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kì í ṣe àárín àlàfo. Kí orí ìka dúró ṣánṣán, kó má sùn.

Ariwo píìkì: mo lè fi owó ta á pé píìkì tó rọ̀ lẹ ń lò. Èyí tó bá tẹ̀ máa ń lu okùn lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó bá ń lọ àti nígbà tó bá ń na ara rẹ̀ padà. Ẹ wá èyí tó nípọn tó mílímítà 0.8 sí 1, tí ẹnu rẹ̀ ṣe bí ẹyin díẹ̀. Láyé àtijọ́ èépá ìjàpá òkun ni wọ́n fi ń ṣe é. Ike ló kù báyìí, ó sì tó. Kí ohun tó yọ kọjá àtàǹpàkò má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Bó bá gùn jù, á máa wọ inú okùn mẹ́ta lọ, á há síbẹ̀. Ẹ dà á síwájú díẹ̀ kó lè máa yọ̀ lójú okùn. Ọrùn ọwọ́ ni kó mì, kì í ṣe apá láti ìgúnpá.

Ibi tí ẹ ń ta á náà ṣe pàtàkì: etí ihò ohùn, sápá afárá. Bó bá sún mọ́ afárá jù á dún gan-an bí agolo. Bó bá bọ́ sórí fírẹ́ẹ̀tì okùn á rọ̀ jù, píìkì á rì.

Tremolo gan-an, ìyẹn gbígbọ̀n yẹn, ẹ má kàn máa gbọ̀n ọ́n. Ẹ kà á. Ẹ fi mẹ́tírónóòmù (aago tó ń ka ìlù) sí 60, kẹ́ ẹ ta ìgbà mẹ́rin nínú kíkà kan: sísàlẹ̀, sókè, sísàlẹ̀, sókè. Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, ẹ lọ sí mẹ́fà, lẹ́yìn náà mẹ́jọ. Mẹ́jọ lórí 72 ti ń sún mọ́ ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, níbẹ̀ ni etí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn kan ṣoṣo tó ń ṣàn. Ìdí tí iye rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣeé pín sí méjì ni pé sókè ni ẹ máa parí sí, kí nóòtì tó tẹ̀ lé e lè fi sísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá parí sí sísàlẹ̀, ẹ máa kọsẹ̀.

Gbogbo nóòtì kọ́ ni tremolo wà fún. Àwọn kéékèèké ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń tà wọ́n, àwọn gígùn ló ń gbọ̀n. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gbọ̀n nóòtì gígùn, kí wọ́n dúró díẹ̀ kó tó tán láti wá nóòtì kejì. Ihò kékeré yẹn ni gbogbo èèyàn ń gbọ́. Ìka òsì ló yẹ kó sáré, kí ọwọ́ ọ̀tún má dúró rárá.

---

ÌyáAkọrin:

Ẹ jẹ́ n mú ìkejì àti ìkẹta.

Kundiman yín ń dún bíi waltz nítorí kíkà mẹ́ta ni òun náà. Ení, èjì, ẹ̀ta. Ìyàtọ̀ wà nínú ibi tí ìwúwo jókòó sí. Nínú waltz, onígìtá ń lu *gbùn* pá pá, ìlù kò dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí ijó ló wà fún. Kundiman kì í ṣe ijó. Orin ẹni tí ìfẹ́ ń pa lára ni. Àwọn kan ń túmọ̀ orúkọ rẹ̀ látinú *kung hindi man*, "bí kò bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀". Olórin á fa nóòtì òkè gùn, á sì falẹ̀ ní òpin ìlà, onígìtá á dúró dè é. Nítorí náà kí gìtá ju pá pá yẹn nù. Kó ta ohùn ìsàlẹ̀ sí ení, kó sì fi ìka tú kọ́ọ̀dù náà ní ẹyọ-ẹyọ sí èjì àti ẹ̀ta. Èyí nìkan á mú waltz kúrò lára rẹ̀.

Ohun kejì, tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: kundiman máa ń bẹ̀rẹ̀ ní máínọ̀ (ohùn ẹkún), á sì yí sí méjọ̀ (ohùn ayọ̀) lórí ìpìlẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní D máínọ̀ (Dm, Gm, A7), apá kejì á ṣí sí D méjọ̀ (D, G, Em, A7). Kì í ṣe F méjọ̀ o, bí ọ̀pọ̀ onígìtá wa ṣe máa fẹ́ lọ nítorí pé òun ni ìbátan Dm. Ìpìlẹ̀ kì í kúrò ní D. F tó jẹ́ ojú ẹkún á di F#, gbogbo orin á sì là bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé. Bí banduria bá gbàgbé F# yẹn, tó tẹ F, ẹ ti ba ibi tí àwọn èèyàn ń dúró dè jẹ́. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí i nínú ìwé.

Ìgbà àwọn Francisco Santiago (1889–1947) àti Nicanor Abelardo (ó kú ní 1934) ni kundiman di orin tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún dùùrù àti ohùn tó kọ́ṣẹ́. Bó bá jẹ́ irú èyí ni wọ́n gbé fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí ohùn olórin ṣe ga tó kẹ́ ẹ tó mú kíì, torí nóòtì òkè wà ní òpin. Ẹ fi apá méjọ̀ dán olórin wò, ẹ má fi apá máínọ̀ dán an wò.

Harana ẹ̀wẹ̀: púpọ̀ nínú wọn kíkà méjì ni, pẹ̀lú ìlù habanera. Ẹ pín báà kan (ìyípo ìlù kan) sí mẹ́jọ kéékèèké, kí ọwọ́ bọ́ sí 1, 4, 5 àti 7. Ẹ fi ọwọ́ pàtẹ́ rẹ̀: *gùn*-ùn-ùn-*ka*-*gun*-un-*gun*-un. Orúkọ ìlú Havana ní Cuba ló wà lára habanera, ibẹ̀ ni ó ti gba Sípéènì kọjá káàkiri ayé. Ìlù yẹn kò ṣàjèjì sí etí àwa níbí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá ló kọ orin Fílípínì.

Ní ti ọmọ wa tó fẹ́ kọ Tagalog, ohun mẹ́rin ló máa tú u fó pé ọmọ Yorùbá ni.

P. Tiwa, p máa ń dún látẹ̀yìn ọ̀fun àti ètè pọ̀. Ti Tagalog, ètè nìkan ni. *Puso*, ọkàn, ó wà nínú ìdajì orin ìfẹ́ wọn. Bó bá pè é bí ẹni ń pe "pupa", àwọn ìyá tó jókòó níwájú á rẹ́rìn-ín.

N ìparí. Àwa ń kọ "an", "un" a sì ń fi imú pe fáwẹ̀lì, n kò sí níbẹ̀ rárá. Tiwọn, n gidi ni: ahọ́n gbọ́dọ̀ kan òkè ẹnu. *Ba-yan*, ìlú ẹni. *Kun-di-man* náà rí bẹ́ẹ̀. Lórí nóòtì gígùn, kó di *a* mú títí, kó sì fi n pa á dé ní ìparí pátápátá.

Ng. *Ngayon*, nísinsìnyí. Kó sọ "ń gùn", kó tún sọ ọ́ kó yọ g kúrò, kó wá fi fáwẹ̀lì tẹ̀ lé e. Bó bá sì rí *ng* tó dá dúró, "nang" ni wọ́n ń pè é, *mga*, "manga".

Ìkẹrin ni gígé ohùn lọ́fun. *Bása* jẹ́ ìwé kíkà, *basâ* jẹ́ ohun tó tutù rin. *Púnò* jẹ́ igi, *punô* jẹ́ ohun tó kún. Nínú *basâ*, *púnò* àti *punô*, ọ̀fun á pa fáwẹ̀lì ìparí dé lójijì. Ìwé orin kì í sábà fi àmì yìí sí i, nítorí náà kó ní kí ọmọ Fílípínì kan ka ọ̀rọ̀ náà fún un kó sì fi àmì sí i fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa, orin lè gòkè lè sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe wù ú, ìtumọ̀ kò ní bàjẹ́. Ibi tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ló yẹ kó bọ́ sí ení.

Bí ìlà bá jẹ́ sílébù méjìlá, ó sábà máa ń dá sí mẹ́fà-mẹ́fà. Ibẹ̀ ni kó mí.

---

Píìkì_Nìkan:

Ìyá wa, mo gbà púpọ̀, àmọ́ ti harana kò yé mi tó. Harana jẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ju orúkọ ìlù kan lọ: ọkùnrin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbé gìtá lọ sábẹ́ fèrèsé ọmọbìnrin lálẹ́, wọ́n á kọrin. Bí ohùn onífẹ̀ẹ́ kò bá dáa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bá a kọ ọ́. Wọ́n lè kọ kundiman níbẹ̀, kíkà mẹ́ta. Nítorí náà kí arákùnrin yìí gbọ́ orin náà kó tó fi 1-4-5-7 lé e lórí.

---

ÌyáAkọrin:

Òótọ́ ni, mo gba ìyẹn. Ẹ ka báà mẹ́rin àkọ́kọ́ ná. Bó bá pé méjì, habanera. Bó bá pé mẹ́ta, ẹ ṣe é bíi kundiman. Ohun tí kò yí padà ni *pasakalye*, ìbẹ̀rẹ̀ tí gìtá á dá ta kí ohùn tó wọlé. Báà mẹ́rin tàbí mẹ́jọ tó. Bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ D, kó dúró sórí A7 kí olórin lè rí nóòtì rẹ̀ mú.

---

Akọrin_Ìlú_Ọba:

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ ṣeun. Báà mẹ́rin: méjì ni, habanera ni. Wọ́n wá ní àwọn ọmọdé máa jó tinikling, ijó àárín ọ̀pá oparun, lẹ́yìn náà. Báwo la ṣe máa pín iṣẹ́ láàárín banduria kan, laud kan, gìtá méjì? A kò ní ohùn ìsàlẹ̀ kankan.

---

BàbáOlókùn:

Ẹgbẹ́ rondalla tó pé máa ń ní banduria kìíní tó gbé orin, banduria kejì tó ń bá a lọ ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, octavina àti laud ní ọ́kítéèfù ìsàlẹ̀, gìtá fún kọ́ọ̀dù, àti *bajo de uñas*, gìtá ńlá olókùn mẹ́rin tí wọ́n yí sí E, A, D, G bíi báàsì. Ẹ kò ní gbogbo ẹ̀, kò burú.

Nígbà tí olórin bá ń kọrin, kí banduria má tẹ̀ lé e nóòtì sí nóòtì. Ohùn irin mẹ́ta-mẹ́ta yẹn á bò ó mọ́lẹ̀. Kí ó dákẹ́, kó sì dáhùn ní òpin ìlà. Laud ni kó máa rìn lábẹ́ olórin pẹ̀lú nóòtì gígùn. Ní pasakalye àti láàárín ẹsẹ kan sí èkejì, banduria ló ni gbogbo rẹ̀. Gìtá kìíní, kọ́ọ̀dù. Gìtá kejì, kí ó gbé iṣẹ́ báàsì: okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ nìkan, àtàǹpàkò, ẹyọ kan sí ení. E, A, D, G ni okùn mẹ́rin yẹn náà, ọ́kítéèfù kan lókè báàsì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní gìtá báàsì oníná, kó ta ipa yẹn bó ṣe wà, kó má ta á sókè ju.

Tinikling láti Leyte, ní àwọn erékùṣù Visayas tó wà láàárín Fílípínì, kíkà mẹ́ta ni. Àwọn tó di ọ̀pá oparun mú á lù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ṣíṣí, wọ́n á pa á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: tá, tá, *kà*. Kí banduria ta orin ní ẹyọ-ẹyọ láìgbọ̀n, níbí yìí gan-an ni gbùn pá pá ti yẹ. Ìṣòro kan ni pé eré máa ń pọ̀ sí i bó ṣe ń lọ, oparun kì í sì í gbọ́ gìtá nínú ariwo. Ọ̀pá ló ń darí. Kí gbogbo onílù àti olókùn máa wo ọwọ́ ẹni tó di ọ̀pá mú, kí wọ́n má wo ara wọn. Kí ẹ sì fi igi pẹlẹbẹ sábẹ́ ọ̀pá méjèèjì bó bá jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni ilẹ̀ gbọ̀ngàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ "tá, tá" kò ní dún.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú, kó má bàa jẹ́ pé a tún un ṣe tán kó tún là. Ilẹ̀ tó gbóná tó sì kún fún ọ̀rinrin ni wọ́n ti gbẹ́ banduria. Ní ìlú ọba, híítà máa ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ nígbà òtútù, pákó á sún kì, fírẹ́ẹ̀tì á yọ etí, ojú pákó á là láti afárá lọ sísàlẹ̀. Ẹ fi í sínú àpótí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ń pèsè ọ̀rinrin, kí ọ̀rinrin náà wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú 100. Ẹ wo dùùrù oparun ti Las Piñas, ní Fílípínì, tí Fadá Diego Cera kọ́ láàárín 1816 àti 1824: oparun ló pọ̀ jù nínú ọ̀pá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Bonn ní Jámánì fún àtúnṣe ní àárín ọdún 1973 sí 1975, yàrá tí wọ́n mú gbóná tí wọ́n sì fi ọ̀rinrin kún bíi ti Fílípínì ni wọ́n tò ó sí. Banduria yín kò fẹ́ yàrá. Àpótí tó dé dáadáa tó o.

Bẹ́ ẹ bá máa gbé e lọ sí ilé ìjọsìn ọjọ́ náà, ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, kẹ́ ẹ ṣí àpótí sílẹ̀ kí irin bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mu, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan èèkàn. Kẹ́ ẹ sì mú okùn G mẹ́ta dání.